Kó Tó Wọ Àpótí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ilé sílẹ̀ ní Ilé-Ogbó yìí, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé lọ sí Ìbàdàn, Èkó àti ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo pè yín sí. N kò sọ ti aṣọ tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ mọ ìyẹn jù mí lọ. Aṣọ tó ti wà nílé ni mò ń wí, èyí tó gun orí ara wọn lórí àga, èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tó wà nínú àpò Ghana-Must-Go láti ọjọ́ ìgbéyàwó tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ayé ti yí òwe náà po díẹ̀. Yàrá ìyàwó tuntun tí mo bá wọ̀ lóde òní, aṣọ inú rẹ̀ a máa ju èyí tí ìyá mi ní títí ó fi kú lọ. Àkísà pàápàá wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, àmọ́ àkísà àìtọ́jú ni, kì í ṣe ti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀, bí òde bá dé, wọn a ní àwọn kò rí nǹkan wọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn kò rí i. Wọn kò mọ ibi tó wọlé sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kò pọ̀. Aṣọ títọ́jú kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni. Ohun tí o ṣe sí aṣọ kó tó wọ àpótí ni yóò sọ bí yóò ṣe jáde. Wọ́dúróòbù olówó ńlá kò lè gba aṣọ tútù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí aṣọ tó dọ̀tí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé kò níbi tí wọ́n ń kó o sí. Ibi tí olúkúlùkù bá bọ́ tirẹ̀ sí ni yóò wà títí Sátidé yóò fi dé, wọn a wá máa ṣà á káàkiri yàrá bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà lóko. Ra agbọ̀n kan, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ wọlé, tó ń gba ara rẹ̀ jáde, kí o gbé e síbi tí gbogbo ará ilé mọ̀. Má lo ike tó ní ìdérí, má sì lo ọ̀rá. Aṣọ tí òógùn ti rin, bí a bá dé e mọ́nú, kò ní í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, yóò ti máa yọ àmì dúdú kéékèèké tí ọṣẹ kì í ká. Tòwẹ́ẹ̀lì tó tutù kò gbọdọ̀ dénú agbọ̀n náà rárá. Fi kọ́ síta kó kọ́kọ́ gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí ni.

Aṣọ kan wà tí kò mọ́, tí kò sì tíì dọ̀tí. Agbádá tí bàbá wọ̀ lọ kírun Jímọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, bùbá tí ìyá wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ń ba àpótí jẹ́ jù nìyẹn, nítorí pé ojú lásán kò rí òógùn abíyá tó wà lára rẹ̀. Kòkòrò rí i. Fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sórí háńgà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kó sun ibẹ̀ mọ́jú, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bí o bá tún máa wọ̀ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó dára. Bí o kò bá ní í wọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ padà sí àárín àwọn tó mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sóko, ẹ ya aṣọ oko sọ́tọ̀ pátápátá. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oje kajú tí ó bá ti kán sára aṣọ ti kán síbẹ̀ títí ayé. N kò tíì rí ọṣẹ tó mú un. Ẹ má fi aṣọ tó dára dán an wò.

Ní ti àbàwọ́n inú ilé, díẹ̀ ni mo máa sọ. Ẹ̀jẹ̀, omi tútù ni. Omi gbígbóná a máa jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ aṣọ ni. Epo pupa, ọṣẹ ló kọ́kọ́ ń gba ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò, oòrùn á sì parí èyí tó kù: ohun tó mú epo pọ́n kì í lè dúró níwájú oòrùn, nítorí náà sá aṣọ funfun tí epo ta sí síta dáadáa, pupa náà yóò máa ṣí lọ fúnra rẹ̀. Àmì irin tó dógùn-ún, ọsàn wẹ́wẹ́ ni àwọn ìyá wa ń fún sí i, wọn a sì sá a. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ níbí yìí. Omi tí ń sọ aṣọ di funfun, èyí tí ẹ ń pè ní Jik tàbí Hypo, kò gbọdọ̀ bá ọsàn wẹ́wẹ́ pàdé, kò sì gbọdọ̀ bá omi ìfọ-ṣáláńgá pàdé. Bí nǹkan kíkan bá ti kàn án, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jẹ́ kílórììnì ló ń tú jáde, ó sì lè pa ènìyàn nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré. Yàtọ̀ sí èyí, Jik kì í mú àmì irin kúrò. Ńṣe ló ń mú un le sí i.

Ní ilé tí wọ́n ti ń wọ aṣọ funfun gan-an, yálà ti Jímọ̀ ni tàbí sùtánà àwọn ará Sẹ̀lẹ́, ẹ dín omi wọ̀nyí kù. Òwú ni wọ́n ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Búlúù tí àwọn ìyá wa ń rẹ́ sínú omi ìkẹyìn ṣì dára jù lójú mi: kò bó aṣọ, ó kàn ń bo ìpọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

A máa ń pa á lówe pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ọ̀rọ̀ àṣírí la fi ń pa á, ṣùgbọ́n ó jẹ́ òótọ́ lórí okùn aṣọ pẹ̀lú. Aṣọ funfun, tòwẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì àti ìlédìí ọmọ ń fẹ́ oòrùn gangan. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú àti àǹkárá ń fẹ́ ibòji àti afẹ́fẹ́, kí inú wọn sì kọjú síta. Ńṣe ni kí o dá àdìrẹ tuntun fọ̀, nínú omi tútù, títí omi náà yóò fi mọ́, nítorí aró tó kù lára rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò fún. Mo ti rí gèlè funfun tó di aláwọ̀ ojú ọ̀run nítorí pé ẹnìkan rẹ òun àti àdìrẹ pọ̀ sínú ìkòkò kan.

Nígbà tí a ṣì ń fọṣọ lódò, orí koríko àti yanrìn etí odò la ń sá a sí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Eṣinṣin kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cordylobia anthropophaga, ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Yanrìn tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti kàn, tàbí aṣọ tí kò tíì gbẹ, pàápàá níbi ibòji, ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹyin náà pa. Ìdin tó jáde kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í fi í rí i. Yóò dúró sínú aṣọ náà fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń retí ara tó gbóná. Bí ó bá ti kan ara, ó wọ inú awọ, ibẹ̀ a wú bí eéwo, ihò kékeré kan a wà lórí rẹ̀, ẹni náà a sì máa sọ pé nǹkan ń rìn nínú òun. Kò parọ́. Ọmọ ọwọ́ ló ń jìyà rẹ̀ jù, ní ìdí, ní ẹ̀yìn, ní ibi tí ìlédìí ti kàn án.

Ohun tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ kò ju áyọ̀ọ̀nù lọ. Lọ aṣọ ọmọ lójú, lọ ọ́ nínú, kí o má fo etí rẹ̀, ojú rírán rẹ̀ àti ibi rọ́bà ìbàdí. Lọ pátá. Lọ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Mo mọ̀ pé iná ìjọba kì í sí, ẹ ó sì wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n áyọ̀ọ̀nù eléèédú tí àwọn alágbàfọ̀ ń lò kò tíì kúrò láyé. Fẹ́ eérú rẹ̀ dànù níta kí o tó gbé e wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ iná rẹ̀ yóò lu aṣọ funfun rẹ ní ihò. Bí eéwo ìdin bá ti yọ, fi báásílíìnì bo ojú ihò rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé; ìdin náà yóò fẹ́ yọjú wá mí, ẹni tó mọwọ́ rẹ̀ á sì mú un jáde. Ẹ má fi agídí fún un.

Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ wa, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ọ̀tá aṣọ kò ju omi lọ. Ohun tó ń da ọ̀dọ́ láàmú nígbà òjò ni pé wọ́n rò pé aṣọ ti gbẹ. Fọwọ́ kan àárín rẹ̀, ó gbẹ lóòótọ́. Fi ọrùn rẹ̀, àpò rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ rán kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Bí ibẹ̀ bá ṣe ọ́ tútù, kò tíì gbẹ. Tún fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tàbí tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ jó: jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ rọlẹ̀ kó tó wọlé, nítorí ooru tí a dé mọ́nú àpótí ń padà di omi. Aṣọ kan ṣoṣo tí kò gbẹ ni yóò ran gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àpótí fúnra rẹ̀, má gbé e lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tàbí bíríkì méjì-méjì lábẹ́ rẹ̀ tó. Jẹ́ kó jìnnà sí ògiri díẹ̀, kí o lè máa rí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí inú ògiri ni ikán ń gbà wá, àpótí pákó sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àpótí irin, tẹ́ aṣọ òwú àtijọ́ sínú rẹ̀ kí ìdógùn-ún rẹ̀ má kan nǹkan. Ọ̀rá tí àwọn ọmọ ìwòyí ń fi di aṣọ kò dára fún aṣọ tí yóò pẹ́ nílẹ̀. Ó ń há ọ̀rinrin mọ́nú, aṣọ funfun a sì máa pọ́n nínú rẹ̀. Aṣọ òwú tó mọ́ ni kí o fi wé aṣọ iyì, kó lè máa mí. Bí oòrùn bá yọ lẹ́yìn òjò ọjọ́ púpọ̀, ṣí ìdérí àpótí sílẹ̀ láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá títí di ọ̀sán.

Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, afẹ́fẹ́ gbẹ. Ìgbà náà ni àwọn ìyá wa ń tú àpótí látòkèdélẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ń jáde síta, wọn a gbọ̀n ọ́n, wọn a sá a, wọn a wò ó fínnífínní. Eruku ọyẹ́ pọ̀, nítorí náà, kó wọn wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o sì gbọ̀n wọ́n dáadáa. Bí o kò bá ṣe nǹkan mìíràn fún aṣọ rẹ lọ́dún, ṣe èyí. Ibẹ̀ lo ti máa mọ ohun tí o ní, ohun tí kòkòrò ti jẹ, àti ohun tí kò bá ọ mu mọ́.

Kí ni kòkòrò ń wá jẹ lára aṣọ? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Aáyán kò bá aṣọ òwú ṣọ̀tá. Sítáàṣì tí a fi le e ló ń wá jẹ, aṣọ a sì bá a lọ. Nítorí náà, aṣọ tí yóò lò tó oṣù mélòó kan nínú àpótí, fọ sítáàṣì ara rẹ̀ kúrò. Bí òde bá dé, kó o tó tún un le.

Àbí káńfọ̀ kọ́ ni ẹ fẹ́ fi dá mi lóhùn? Mo ti ń retí rẹ̀. Káńfọ̀ ni ìdí pàtàkì tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí n sì rọra sọ ọ́.

Èyí tí ẹ ń rà lọ́jà Odò-Orí ní Ìwó, bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké inú ọ̀rá, káńfọ̀ la ń pè é, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ náfítálíìnì, ohun tí wọ́n ń rí yọ lára ọ̀dà èédú àti epo rọ̀bì. Kì í yọ́ di omi. Ńṣe ló ń di afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń lé kòkòrò, òun náà ló sì ń wọ inú aṣọ, tó ń bá aṣọ dé ara ènìyàn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń fara dà á. Ọmọ tuntun ńkọ́?

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní G6PD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa lọ́wọ́ irú àwọn nǹkan olóró báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ni a bí pẹ̀lú èyí tí kò tó. Nínú àwọn ọkùnrin wa, bí ènìyàn kan nínú márùn-ún ni. Ara ìyá ni àìtó yìí ti máa ń dé ara ọmọkùnrin, ìyá náà sì lè máà mọ̀ láyé rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ le. Ọmọ tí èròjà yìí kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí a wá wé sínú aṣọ tó ti bá káńfọ̀ gbé fún oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ojú rẹ̀ á pọ́n, ara rẹ̀ á pọ́n, kò ní í fẹ́ mu ọmú, yóò máa sùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a kò bá tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ohun tó mú ara rẹ̀ pọ́n lè wọ ọpọlọ. Ọmọ tí kò bá kú nínú rẹ̀ lè di adití, tàbí kó má lè mú ọrùn dúró títí ayé.

Kì í ṣe àròsọ ìyá arúgbó. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn oníṣègùn ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1963 nípa àwọn ọmọ tuntun tí aṣọ oní-náfítálíìnì ṣe báyìí. Nítòsí wa níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, oníṣègùn ọmọdé kan, J. A. Owa, tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1989 lórí bí àwọn nǹkan bíi náfítálíìnì àti àìtó G6PD ṣe tan mọ́ ara pípọ́n ọmọ tuntun ní Nàìjíríà. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń kìlọ̀ fún aláboyún níbi àyẹ̀wò oyún. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kì í bá wọn délé. Ìyá àgbà ni yóò di aṣọ ọmọ, ìyá àgbà ni yóò ju káńfọ̀ mẹ́rin sí i pé kí ó lè máa ta sánsán. Àwa àgbà ni mo ń bá wí níbí yìí, kì í ṣe ẹ̀yin ọmọ nìkan.

Aṣọ ìkómọ tí o jogún lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọ̀já tí ìyá rẹ fi pọ̀n ọ́, aṣọ ìbora tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà ọmọ àkọ́bí: bí wọ́n bá ń rùn káńfọ̀, fọ̀ wọ́n, sá wọn, tún wọn fọ̀, títí òórùn náà yóò fi lọ pátápátá. Ṣe é kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ, kí o má bàá máa sáré. Òróró tí a fi ń pa ọmọ lára pàápàá ń ran káńfọ̀ lọ́wọ́ láti wọ awọ rẹ̀. Ìyá ọmọ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fi ìró tó ń rùn káńfọ̀ gbé ọmọ mọ́ra. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, oòrùn òwúrọ̀ kò tó, àgbo kò sì tó: gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọn yóò tàn sí i lára, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò pààrọ̀ fún un bó bá le, ni yóò gbà á. Kí ẹ sì rántí pé ọmọ tó ti ń rìn kò mọ káńfọ̀ yàtọ̀ sí súìtì.

Àwọn kan fi káńfọ̀ sílẹ̀, wọ́n wá bọ́ sínú ohun tó burú jù ú lọ, wọ́n ń wọ́n DDVP, òun náà ni Sniper, sínú wọ́dúróòbù. Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lóko ni. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de títa èyí tó wà nínú ìgò kékeré, nítorí pé ó ń pa ènìyàn. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Gbé e kúrò nílé.

Kí wá ni a ó lò? Aṣọ tó mọ́, tó gbẹ, tó wà nínú àpótí tó dé pinpin, tí a ń ṣí sí oòrùn nígbà dé ìgbà, kòkòrò kì í fẹ́ràn rẹ̀. Fún aṣọ àgbàlagbà, ewé dóńgóyárò tí a sá gbẹ, tí a dì sínú aṣọ pélébé, dára láti fi sí igun àpótí. A máa ń pààrọ̀ rẹ̀ bí òórùn rẹ̀ bá ti lọ. Fún aṣọ ọmọ, oòrùn àti áyọ̀ọ̀nù tó. Má fi nǹkan kan sí i.

Aṣọ òkè tó nílò ìṣọ́ jù ni sányán, nítorí pé ara òwú tí kòkòrò ara igi ta ni wọ́n ti hun ún, kòkòrò ajẹṣọ sì fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju òwú oko lọ. Ètù àti àlàárì náà kò gbọdọ̀ rí omi àti ọṣẹ lásán-làsàn. Ìwó tó wà nítòsí wa yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ aṣọ òkè híhun, bíi Ìsẹ́yìn, bí o bá sì bi àwọn ahunṣọ léèrè, wọn yóò sọ fún ọ pé afẹ́fẹ́ ni ọṣẹ aṣọ òkè. Tí o bá ti òde dé, tẹ́ ẹ sí ibòji kó fẹ́, gbọ̀n ọ́n, fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gba eruku ara rẹ̀. Nígbà tí o bá ń ká a, má jẹ́ kó jẹ́ ojú ibì kan náà ni yóò máa ṣẹ́ sí lọ́dọọdún. Ojú ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń já. Ọ̀pọ̀ aṣọ òkè tí mo rí tó ya, lójú ìṣẹ́ ló ti ya, kì í ṣe lára ẹni tó wọ̀ ọ́.

Aṣọ ẹbí ni tiyín, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Ẹ tò ó ní ìdì-ìdì: bùbá, ìró, gèlè àti ìpèlé rẹ̀ nínú ìdì kan, fìlà ọkọ pẹ̀lú, kí a má bàá rí ìró lónìí ká máa wá gèlè di ọ̀la. Rán òwú aláwọ̀ kan mọ́ ìdì náà tàbí kí o kọ orúkọ ìnáwó rẹ̀ sí pépà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn alágbàfọ̀ ṣe ń sàmì sí aṣọ oníbàárà kí ti ẹnìkan má bá ti ẹlòmíràn lọ. Èyí tí o kò wọ̀ láti ọyẹ́ kan sí òmíràn, fún ọmọ àbúrò rẹ. Tàbí kí o gé e ṣe ìrọ̀rí. Èmi kò rí ìdí tí aṣọ ìsìnkú bàbá ẹni tí a kò mọ̀ rí yóò fi máa gba àyè nínú àpótí wa.

Ní ti ibùsùn, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì mẹ́ta fún bẹ́ẹ̀dì kan ti tó: ọ̀kan wà nílẹ̀, ọ̀kan wà nínú agbọ̀n tàbí lórí okùn, ọ̀kan ń sinmi. Ká ṣíìtì àti àwọn àpò ìrọ̀rí rẹ̀, kí o kì wọ́n sínú ọ̀kan lára àpò ìrọ̀rí náà. Bí àlejò bá dé lálẹ́ tí iná kò sí, ọwọ́ lásán lo fi máa mú odidi rẹ̀ jáde. Èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ìsàlẹ̀ ni kí o fi sí, kí o mú ti òkè lò, kí gbogbo wọn lè jọ gbó. Bí ìdun bá wọ ilé, omi gbígbóná ni. Bí kúrúnà bá mú ọmọ kan, gbogbo aṣọ tó fi kan ara ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn gbọ́dọ̀ wọ omi gbígbóná. Èyí tí kò ṣeé fi omi gbígbóná fọ̀, dì í sínú ọ̀rá kí o so ó pinpin, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí ọ̀rá nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, ẹ̀rọ ń fọ̀ fún yín, ẹ̀rọ ń gbẹ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sá aṣọ sórí ẹ̀rọ amúlégbóná nínú yàrá tí ẹ ti ti fèrèsé rẹ̀ pa, ògiri yín wá ń dúdú. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, òtútù kì í pa tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ẹ̀yin ọkùnrin. Ta ló sọ pé iṣẹ́ obìnrin lèyí? Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ọkùnrin ni púpọ̀ nínú àwọn alágbàfọ̀ tí mo mọ̀, ọwọ́ wọn sì dán ju ti obìnrin lọ. Ọmọkùnrin tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ pátá àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí o má ṣe ti ọmọbìnrin lọ síbi ike aṣọ nìkan. Ìyàwó tó ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Bí abiyamọ tàbí aláboyún kan bá wà ní ojúlé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lónìí. Ẹ ní kí ó ṣí àpótí aṣọ ọmọ náà, kí ó ṣa gbogbo káńfọ̀ inú rẹ̀ dànù, kí ó sì tún aṣọ náà fọ̀.